Bí Mo Ṣe Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Fúláwà Mi

Ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu fúláwà kì í tẹ fóònù dáadáa; ìka mi ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo rántí pé ìgbà yẹn ni ilé iṣẹ́ tó ń kó fúláwà fún àwa tó ń tà á ní Kano, èyí tó wà ní Bompai, ní àwọn ò gba ìwé béèrè mọ́. Láràárọ̀ Mọ́ńdè, kí olúkúlùkù wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó tẹ iye àpò tó ń fẹ́. Ẹni tí kò bá béèrè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra, wọn á gbé ìpín rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọwọ́ ìyá mi ni mo sì ti gba ìpín tèmi, nígbà tí France Road tí ṣọ́ọ̀bù wa wà ò tíì kún báyìí.

Bíráwúsà tí mo fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì nínú fóònù mi ò ní láárí. Á máa pòyì, á pòyì, á kú. Bó bá jí, á ní ta ni mí. Èmi tí gbogbo Sabon Gari mọ̀! Àwọn nǹkan kan á tún máa ta jáde lójú rẹ̀: ẹ jẹ́ ká mọ ibi tẹ́ ẹ wà, ẹ jẹ́ ká lo kámẹ́rà yín. Ara fu mí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbá owó arábìnrin kan ní ìjọ wa lọ ní báńkì. Ó ní òun kàn tẹ nǹkan kan ni. Ní Kano níbí, àlejò á kí salamu alaikum lẹ́nu ọ̀nà, á dúró kí wọ́n dá a lóhùn kó tó wọlé. Irú àlejò wo wá ni èyí tó ń bẹ́ gìjà sí pálọ̀, tó tún ń béèrè kámẹ́rà?

Mo ní kí ọmọbìnrin mi pa gbogbo nǹkan tó ń ta jáde yẹn. Kano la bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, Píjìn ló fi ń dáhùn.

“Mummy, if you off everything, e no go work well o.”

“Ṣé ìwọ náà wà lára wọn ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó pa á. Ọkàn mi balẹ̀ bí ẹni tó fi àgádágodo mẹ́ta ti ṣọ́ọ̀bù.

Mọ́ńdè dé, mo tẹ iye àpò mi. Ojú fóònù dúró jẹ́ẹ́. Fúláwà ò dé. Mọ́ńdè kejì, bákan náà. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìyá oníyíìsì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tèmi, torí ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ ta fúláwà. Àwọn àgbà ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ó kí mi, mo ní “Hùn.” Ó fi àkàrà ránṣẹ́ sí mi, mo fún maigádì, mo sì ń wò ó bóyá inú á run ún. Inú ò run ún. Ó béèrè òmíràn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, mọ́tò fúláwà dé, ẹnu ọ̀nà ìyá oníyíìsì ni wọ́n já a sí. Mo gba Bompai lọ. Mo ti to èébú jọ látorí ìjókòó kẹ̀kẹ́.

“Haba, Hajiya, ẹ jókòó,” ni akọ̀wé ibẹ̀ wí.

“Hajiya kọ́, Kristẹni ni mí. Fúláwà mi dà?”

Ó tẹ fóònù tirẹ̀ hàn mí. Fèrèsé kékeré kan ta jáde, ó ń béèrè bóyá ó dá a lójú. Ẹni tí kò bá dáhùn ìyẹn, kò tíì béèrè nǹkan kan. Mo tẹ tèmi, nǹkan kan ò ta jáde. Ṣèbí èmi ni mo ní kí wọ́n dí i lẹ́nu.

“Hajiya, ke ce kika rufe ƙofar,” ó ní: ọwọ́ mi ni mo fi ti ilẹ̀kùn. Mo gbé èébú mi mì. Ìpín ti lọ.

Nígbà tí mo dé ọjà, ìyá oníyíìsì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ló pè mí o, mi ò tọrọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì.” Mo wò ó títí, mo ń wá ibi tí ẹ̀tàn wà.

A ṣì ń pín in títí dòní. Mo ní kí ọmọ mi ṣí fèrèsé yẹn padà lẹ́ẹ̀kan. Àlejò tó kọ́kọ́ bẹ́ wọlé ní mo ti jẹ ẹ̀bùn mọ́tò. Mo ní kó tì í. Ìyá oníyíìsì ló ń tẹ iye àpò fún àwa méjèèjì báyìí. Láràárọ̀ Mọ́ńdè, mo máa ń gbé àga tì í, mo ní ká jọ gbàdúrà. Ojú fóònù rẹ̀ ni mo ń wò. Ó mọ̀. Á rọra sún un sọ́dọ̀ mi kí n lè rí i dáadáa.