Kásẹ́ẹ̀tì Àwọn Oníláwàní Funfun

Gòjé ló bú jáde, kì í ṣe wákà. Gòjé tó pọ̀ bí eṣú, gbogbo wọn ń lọ pọ̀, wọ́n ń fò díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ bàtà tuntun. Ìyá àgbà mi gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì lé itan, kò lè gbójú sókè. Yàrá àwọn obìnrin nílé wa ní Al-Sabeel, ní Jeddah, kún fọ́fọ́. Òórùn tùràrí àti ti ata díndín ń jà dulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìsọmọlórúkọ àbúrò mi obìnrin ni; ọmọdékùnrin ṣì ni mí, mo jókòó sáàárín wọn.

Ẹbí wa tó ń gbé Al-Hujun ní Mẹ́kà ló fa gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò ju pé òkun ti gbé Yorùbá lọ lẹ́nu àwa ará Jeddah. Ìyá àgbà wá búra pé lọ́jọ́ yìí, wọn á gbọ́ wákà gidi. Ó lọ sí ọjà ní Sharafiyah, ó fọwọ́ ara rẹ̀ yan kásẹ́ẹ̀tì. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó rí àwòrán àwọn ọkùnrin tí orí wọn funfun báláú lára páálí rẹ̀. Ó ní àlùfáà oníláwàní ni wọ́n. Irun àdémórí àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ni!

"Sítti, ẹ́ṣì hádà?" Ẹ̀gbọ́n mi ló fi Lárúbáwá bi ìyá àgbà pé kí nìyí.

Àlàájà kan láti Mẹ́kà pàtẹ́wọ́. "Yéè! Ṣé inú ló ń run àlùfáà yín ni?" Ẹ̀rín sọ.

Ìyá àgbà gbé rédíò sílẹ̀, ó dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ẹ rẹ́rìn-ín tán. Èmi ni mo ní kí orin náà wá láìlẹ́nu, torí ẹnu tèmi ni mo fẹ́ fi sí i."

Ló bá mú oríkì ọmọ tuntun náà. "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ arìnjìnnà tí kò gbàgbé ilé! Ọmọ afẹsẹ̀-la-aṣálẹ̀ kó tó rí ọkọ̀ wọ̀!"

Gòjé ń fò, òun náà ń fò. Nígbà tí orin rọlẹ̀ láàárín, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ki ìyá mi. Nígbà tó tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó padà sórí ọmọ. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́ láti gbọ́. Àwọn ológbò àdúgbò tò sójú fèrèsé bí ẹni wá gba sàárà. Àlàájà ará Mẹ́kà tó rẹ́rìn-ín yẹn ni omi kọ́kọ́ bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ dákun, ẹ tún fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí i, kí ẹ kì mí. Ẹnikẹ́ni ò kì mí mọ́ látìgbà tí ìyá mi ti kú."

Irùngbọ̀n mi ti hewú kí dókítà ọmọ Nàìjíríà kan tó sọ fún mi pé orin ijó kúkúrú àwọn ọlọ́lá òyìnbó ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, pé mínúẹ́tì ni wọ́n ń pè é. Ìwé tèmi kò jìnnà, àmọ́ mo ní irọ́ ni. Oríkì ìdílé wa ni! Títí dòní, bí wọ́n bá ti pe ìrun sétí ọmọ tuntun nílé wa tán, èmi ni wọ́n ń gbé e fún. Mi ò ní rédíò. Ẹnu ni mo fi ń ṣe gòjé. Mà á ki ọmọ náà lọ jìnnà, mà á sì kì í padà wálé.