Ikọ́ Tí Kò Wọ Ara Agnes

Tí ẹ bá rí Agnes Ọláfimíhàn lónìí, ẹ ó rò pé ìyà ò jẹ ẹ́ rí. Ara rẹ̀ le koko, ohùn rẹ̀ já gaara. Ìlera yẹn gan-an ló ba ayé rẹ̀ jẹ́. Èmi tí a jọ gbé ilé kan náà ní Oǹdó ni mo ń sọ ọ́, inú sì ń bí mi títí di òní.

Ìgbà SAP ni, nígbà tí mílíìkì inú agolo di ohun tí à ń fojú wò lórí káńtà. Akíntúndé ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, òun ń sá kòkó níbi tí wọ́n ti ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni àwọn àti ọmọ méjèèjì ń sùn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ wọ yàrá náà. Ó mú Akíntúndé, ó pa á. Ó mú Ọmọ́níyì, ọmọkùnrin wọn, òun náà lọ. Ó wá bọ́ sára Moyinolúwa tó wà ní fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀. Agnes ló ń gbé orí gbogbo wọn lé itan, tó ń da itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ wọn nù, tó ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá jẹ kù, nítorí kò sẹ́ni tó ń da oúnjẹ nù nígbà yẹn. Ikọ́ ò ṣe é.

Ní ọsibítù, Nọ́ọ̀sì Títílayọ̀ gún un ní abẹ́rẹ́ kékeré kan sábẹ́ awọ apá, ó ní kó padà wá kí àwọn wo bóyá yóò wú. Tó bá wú, a jẹ́ pé kòkòrò ikọ́ náà ti wà lára rẹ̀. Apá Agnes tẹ́jú pẹrẹsẹ. Wọ́n tún gún un lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kò wú. Nọ́ọ̀sì ní àwọn kan wà bẹ́ẹ̀ tí kòkòrò náà kì í ráyè nínú wọn, bí wọ́n tilẹ̀ ń bá aláìsàn sùn lórí ẹní kan. Agnes béèrè ìdí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní àwọn dókítà pàápàá ò tíì mọ̀ ọ́n. Agnes ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun sára Moyin nígbà náà. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Oògùn lójoojúmọ́, títí ọdún yóò fi yípo, ni yóò gba ọmọ náà là.

Moyin sì bẹ̀rẹ̀ sí í sàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tún ń kún. Ìdí nìyẹn tí Agnes fi jó lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, tó ní kí ìjọ bá òun dúpẹ́. Ìbá dúpẹ́ fún ọmọ, kó jókòó. Ó ká apá aṣọ sókè, ó fi apá han gbogbo ènìyàn.

Ó ní, "Gbogbo ilé mi ni ikọ́ yìí wọ, èmi nìkan ni kò lè wọ."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì. Ijó ò tíì tán tí Akínsànyà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ti ní obìnrin náà ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ṣé kì í ṣe ẹni tó ń pa wọ́n ni ikọ́ ò ní í pa? Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ẹni tó kàwé jáde nìyẹn o. Mo dá sí i, wọ́n ní kí n lọ tọ́jú ọkọ tèmi. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti wá mú Moyin lọ sí Àkúrẹ́. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń wo ẹ̀yìn.

Agnes di oògùn ọmọ náà sínú ọ̀rá, ó wọ mọ́tò tẹ̀lé wọn. Ìyàwó Akínsànyà, ọmọ Àkúrẹ́, dúró sẹ́nu géètì. Ó ní, "Mọ́ wọ ule mi." Kò gba oògùn. Ó ní àdúrà àti àgbo ni àwọn ń lò, ohun tó bá ti ọwọ́ àjẹ́ wá kò ní í kan ẹnu ọmọ níbẹ̀. Agnes lọ bá alùfáà, alùfáà ní òun ó bá wọn sọ ọ́. Ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní ọ̀ràn ẹbí ni. Èmi ni mo sìn ín padà lọ bá nọ́ọ̀sì.

Agnes ní, "Ẹ wá bí ẹ ó ṣe fi ikọ́ náà sí mi lára. Tí mo bá ń wúkọ́, wọn á fún mi lọ́mọ mi."

Nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ òun kì í ṣe ìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń rí Agnes nínú eruku kòkó, tó ń mí kanlẹ̀, tó ń retí kí ikọ́ ró láyà òun. Kò ró.

Lẹ́yìn Kérésìmesì, Akínsànyà ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀. Ó sáré ra ẹja àrọ̀ tí Moyin fẹ́ràn, ó lọ. Ìyàwó náà ṣí géètì fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó mú un dé yàrá ẹ̀yìn. Akínsànyà ló wà lórí ẹní, ó ti gbẹ, ó ń wúkọ́. Ará ilé kankan kì í wọlé tọ̀ ọ́ mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń ti abọ́ sí i. Agnes béèrè Moyin. Wọ́n ní àwọn ti sin ín tipẹ́, àwọn ò fẹ́ da ọkàn rẹ̀ láàmú. Wọ́n wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn tọ́jú ọkùnrin náà, ṣebí kò sóhun tó lè ṣe é.

Mo bi í pé kí ló ṣe. Mo fẹ́ gbọ́ pé ó ṣépè, pé ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ìyá Ayọ̀mídé, ó ń tọrọ omi. Mo bu ú fún un. Ta ni ìbá bu ú?"