Àgbékẹ́ Alọta àti Ohùn Tó Jí Àdúgbò sí Sààrì

Ààwẹ̀ Ramadan kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìròyìn fi gba ọjà Odò-Orí ní Ìwó kan pé Ẹfáńjẹ́líìsì Àgbékẹ́ ti di Alhaja. Wọ́n ní ó ti fi Bíbélì rẹ̀ dáná sun àgbàdo, ó ti wé láwàní, ó sì ń fi mẹgafóònù ṣọ́ọ̀ṣì jí àwọn Mùsùlùmí sí sààrì. Nígbà tí ìròyìn náà fi dé Olúpọ̀nnà, Àgbékẹ́ ti di ìyàwó kẹrin fún ààfáà kan. Nígbà tó dé Kuta, obìnrin tó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún yìí ti lóyún ìbejì. Ní Ilé-Ogbó, wọ́n ní ó ti fẹsẹ̀ rìn dé Mẹ́kà, ó ti sọ Ṣàtánì lókò, ó sì ti padà dé kí ata tí àwọn oníbàárà gbé kalẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Àwọn èèyàn wa kì í pa irọ́ kékeré. Irọ́ tí kò bá lè bọ́ ìdílé mẹ́fà yó, wọn kì í gbé e kaná.

Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Ìdajì yẹn náà ni àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan gbá mú, tí wọ́n fẹ́ fi sọ ọmọ tí kò jalè di olè. Ibẹ̀ gan-an ni inú ti ń bí èèyàn.

Ìyá alọta ni Àgbékẹ́. Ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó wọ ọjà, lábẹ́ páànù tó ti jẹrà débi pé òjò máa ń wọlé síbẹ̀ kó tó rọ̀ níta. Ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ ń ké bí ẹni tí wọ́n ń fi ipá mú lọ sóko, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí Àgbékẹ́ ti ń sọ̀rọ̀ borí rẹ̀. Báyìí, ohùn rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọlẹ̀ mọ́. Bó bá kí ẹnì kan ní Odò-Orí pé ẹ káàárọ̀, ará ilé tó wà ní òdì kejì ìlú ni yóò dá a lóhùn. Bó bá ń gbàdúrà nínú ọkàn, àwọn aládùúgbò a máa ṣe àmín.

Kò rí ìran kankan kó tó di ajíhìnrere. Áńgẹ́lì ò yà kí i. Ìbínú ló gbé e dé ìdí iṣẹ́ náà. Ó dé ìsọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé wọ́n ti tú bẹ́líìtì ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Gbogbo ọjà ló mọ ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń gbà: ilé àkọ́kù tó wà lẹ́yìn ọjà, tí wọ́n kọ́ dé ìdajì nígbà ìbò kan, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ìta ti ń fa igbó àti kolorado. Gbogbo ọjà mọ̀, gbogbo ọjà ń mi orí, gbogbo ọjà sì ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá. Àgbékẹ́ ní tirẹ̀ gbé ọmọ odó, ó kọrí síbẹ̀. Ó ní òun á kọ́kọ́ fọ́ orí mélòó kan ná, kí òun tó béèrè bẹ́líìtì.

Ọmọkùnrin kan ló bá nílẹ̀. Ojú ọmọ náà ti yí, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dúró yí i ká bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan nínú wọn ti fi bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà di ṣòkòtò mọ́dìí. Àgbékẹ́ ju ọmọ odó nù. Ó yí ọmọ náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń fi ìborùn rẹ̀ nù ún lẹ́nu, ó sì ń bú àwọn yòókù lọ. Ó bú wọn, ó bú ẹni tó ń tà á fún wọn, ó bú ìjọba tó kọ́ ilé àkọ́kù, ó bú gbogbo ará ọjà, ó fi ara rẹ̀ kún un. Ìgbà tí èébú tán lẹ́nu rẹ̀ tí ọmọ náà ò sì tíì jí, ló tó wá kan orúkọ Jésù.

"Ìwàásù tí mo kọ́kọ́ ṣe láyé mi nìyẹn," ló máa ń wí. "Èébú pọ̀ níbẹ̀ ju ẹsẹ Bíbélì lọ."

Lateef lorúkọ ọmọ tó wà nílẹ̀ yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni Àgbékẹ́ ti ń lọ sí ilé àkọ́kù láràárọ̀ kó tó ṣí ìsọ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́ kan, Bíbélì lọ́wọ́ kejì. Àwọn ọmọ náà kọ́kọ́ ń wá nítorí ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń wá láti wá gbọ́ èébú, nítorí ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bú wọn bí ẹni tó bí wọn. Mẹ́fà nínú wọn, Lateef kún un, ní àwọn fẹ́ jáwọ́. Àgbékẹ́ da ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ láàmú títí wọ́n fi fún un ní gáréèjì kan lẹ́yìn ọgbà, níbi tí bọ́ọ̀sì àwọn akọrin ti ń fi sùúrù kú lọ. Ó tú eruku ibẹ̀ dànù, ó tẹ́ ẹní sí i, àwọn ọmọ kó wọlé.

Alàgbà Oyèdàmọ́lá, alága ìgbìmọ̀ ìjíhìnrere, wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wá ya fọ́tò. Ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, tó ń bá Ọlọ́run pàápàá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Ọlọ́run pẹ́ dé kíláàsì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n kan pátákó kan mọ́ ara gáréèjì: Iṣẹ́ Ìràpadà Ọ̀dọ́, Lábẹ́ Àkóso Alàgbà Oyèdàmọ́lá. Fọ́tò rẹ̀ tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Kò sí orúkọ Àgbékẹ́ níbẹ̀.

Mẹ́rin nínú ọmọ mẹ́fà náà, Mùsùlùmí ni wọ́n. Ìbéèrè tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kì í yé bi Àgbékẹ́ ni pé ìgbà wo ló máa rì wọ́n bọmi.

"Mò ń sọ̀rọ̀ Jésù fún wọn láàárọ̀, mò ń sọ ọ́ fún wọn nírọ̀lẹ́," ni Àgbékẹ́ ń dáhùn. "Wọ́n mọ ẹni tí mò ń sìn. Ẹni tó bá fẹ́, ọ̀nà là. Ẹni tí ò bá tíì fẹ́ ńkọ́? Ṣé kí n ní kó padà lọ máa fa kolorado títí á fi fẹ́ ni?"

Bí ààwẹ̀ ṣe wá dé nìyẹn. Ní Ìwó, kò sí bí èèyàn ṣe lè jẹ́ ọmọ ìta tó tí àdúgbò á fi gbàgbé rẹ̀. Bí ààwẹ̀ bá ti dé, bó bá ní ohùn, àdúgbò ń retí pé kó wá jí àwọn. Láti kékeré ni Lateef ti ń ṣáájú àwọn tó ń kọrin kiri láti jí èèyàn sí sààrì. Ó tọ Àgbékẹ́ lọ nídìí ẹ̀rọ.

"Màámi, àsìkò sààrì yẹn gan-an ló máa ń gbé mi. Bí mo bá ti lajú, tí mi ò rí nǹkan ṣe, ẹsẹ̀ mi á ti máa mú mi lọ sí ilé àkọ́kù."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ máa jí àdúgbò bíi tàtijọ́. Wọ́n mọ ohùn mi."

"Ohùn wo? Èyí tí èéfín ti jẹ ṣẹ́kù yìí?"

"Ìyẹn ni mo ṣe ń wo mẹgafóònù yín, mà."

Àgbékẹ́ pa ẹ̀rọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní kì í ṣe ohun tó máa ń ṣe tí ata bá wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Má fi bú ẹnikẹ́ni. Má jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́. Bó o bá sì ti ṣe tán, gbé e wá fún mi kíá, iṣẹ́ tèmi náà ń dúró dè é."

Mẹgafóònù náà, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì sí lára, ní bọ́tìnnì kan tó ń gba ohùn sílẹ̀. Àgbékẹ́ ti gba ohùn ara rẹ̀ sínú rẹ̀ fún ìwàásù àfẹ̀mọ́jú: "Ẹ jí, ẹ̀yin tó ń sùn. Èmi Àgbékẹ́ alọta ni mò ń pè yín. Ẹ dìde." Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀, Lateef kò ríran dáadáa nínú òkùnkùn, ó tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ jáde. Bí ohùn ìyá alọta ṣe bú jáde nìyẹn, tó ń pe àdúgbò Mùsùlùmí dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ dìde, àgbà dìde. Wọ́n ní òkú kan yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Khàdíjàh aláṣọ, tí ìsọ̀ rẹ̀ fara kan ti Àgbékẹ́, ti ń dúró dè é.

"Alhaja Àgbékẹ́, ẹ kú ààwẹ̀ o."

"Ta ni Alhaja rẹ?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ohùn yín ló jí mi. Lọ́dún tó kọjá, oorun ń gbé mi kọjá sààrì ní gbogbo ìgbà. Tọdún yìí, ọkọ mi gan-an ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Khàdíjàh, ọ̀dọ̀ Jésù ni mò ń pè ọ́ sí nínú nǹkan yẹn."

"Mo gbọ́, mà. Ìkòkò ni mo kọ́kọ́ bá pàdé lójú ọ̀nà."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà dúró sórí ìlà pẹ̀lú ata, ẹni tó bá sì ń dúró de ata kò ní iṣẹ́ méjì ju kó gbé ọ̀rọ̀ lọ. Bí Àgbékẹ́ ṣe di Alhaja nìyẹn.

Ìgbìmọ̀ pè é. Alàgbà Oyèdàmọ́lá jókòó sí àárín, mẹgafóònù wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ Lateef.

"Sísítà Àgbékẹ́, ọ̀rọ̀ náà ò le. Ọmọ yẹn jí ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì, àbí kò jí i?"

"Kò jí i, sà. Èmi ni mo fún un."

"Ẹ ò gbọ́ ìbéèrè mi."

"Mo gbọ́, sà. Ìdáhùn mi lẹ ò fẹ́."

Alàgbà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Àwọn ìjọ yòókù ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ ó dìde níwájú ìjọ, ẹ ó ní ọmọ náà ló yọ́ ẹ̀rọ gbé. A ó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tán. Àwọn márùn-ún tó kù á máa gbé inú gáréèjì wọn lọ. Bí ẹ bá kọ̀, a ó ti ibẹ̀ pa, kí gbogbo wọn máa lọ."

"Lateef ti jáwọ́, sà. Bí ẹ bá jù ú sí àtìmọ́lé, inú ibẹ̀ ni á ti padà sídìí kolorado."

"Ọmọ kan ni, Sísítà. Ẹ ro ti márùn-ún."

Ọkùnrin yìí kan náà ni o. Bó bá ń ka ìtàn olùṣọ́ àgùntàn tó fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀ lọ wá ẹyọ kan, omijé rẹ̀ a máa rin pèpéle. Ọmọ tirẹ̀ pàápàá ń fa kolorado nínú mọ́tò onífèrèsé dúdú, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Wọ́n ní àárẹ̀ ọpọlọ ló ń ṣe ìyẹn, wọ́n sì ń gbàdúrà fún un ní ìkọ̀kọ̀. Ọmọ ọlọ́lá ń ṣàárẹ̀, ọmọ tálákà ń jalè. Èéfín kan náà ni.

Àgbékẹ́ sọ fún Lateef, kò fi pa mọ́. Ọmọ náà wolẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ kúkú sọ pé mo jí i. Kí wọ́n má bàa lé àwọn yòókù."

"Dìde nílẹ̀. Bẹ́líìtì lẹ jí. Èyí, ọwọ́ mi lo ti gbà á. Kí ni mo wá ń bá yín wàásù fún látọjọ́ yìí, tí màá fi wá jókòó purọ́ mọ́ ọ?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì kún ju ti ọjọ́ ọdún lọ. Àwọn tó ti gbàgbé ọ̀nà ibẹ̀ rántí. Àwọn Mùsùlùmí kún ojú fèrèsé, Khàdíjàh wà láàárín wọn tòun ti ààwẹ̀ lẹ́nu. Ó tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta èèyàn tó rọ̀ mọ́ fèrèsé mẹ́rin. Alàgbà Oyèdàmọ́lá kéde pé Sísítà Àgbékẹ́ fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tó ba ìjọ lójú jẹ́, ó sì na ẹnu gbohùngbohùn sí i. Àgbékẹ́ kò gbà á. Ó yíjú sí ìjọ.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará. Wọ́n ní kí n wá tún ọ̀rọ̀ ṣe, mo wá tún un ṣe. Wọ́n ní mo ti di Mùsùlùmí. Irọ́ ni. Jésù ni mò ń sìn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lójú fèrèsé sì mọ̀, mo ti yọ yín lẹ́nu tó. Wọ́n ní mo lóyún. Ẹ wò mí dáadáa, oúnjẹ ni. Wọ́n ní ohùn mi ló jí àdúgbò sí sààrì. Òótọ́ ni. Wọ́n ní ọmọ náà ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ ni. Ìyẹn kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ṣèèṣì. Láti ọjọ́ kejì, èmi ni mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́, nítorí ọ̀fun ń dùn ún, mi ò sì fẹ́ kó jókòó sílé máa ro ti ilé àkọ́kù."

"Sísítà," ni Alàgbà wí, "ẹ jókòó."

"Mo ń jókòó bọ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n dìde. Wọ́n ní kí n wá sọ fún yín pé Lateef jí ẹ̀rọ. Kò jí i. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì sọ fún ìgbìmọ̀. Gáréèjì, ẹ tì í bó bá wù yín. Ìsọ̀ mi làwọn ọmọ ń kó ẹní wọn lọ báyìí, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí ọlọ́pàá bá dé, kí ẹ fi ibẹ̀ hàn wọ́n. Kí wọ́n béèrè Àgbékẹ́, kí wọ́n má béèrè Lateef."