Ọjọ́ tí Màmá Bọ́ Bàtà fún Ìwé Ará Áyálándì

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ìwé ńlá kan wà tó dá lórí ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ìlú kan ṣoṣo, tí ogun kò jà níbẹ̀, tí ọba kò wàjà, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí ìṣúra he, ẹ ó ní onítọ̀hún ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Houston ni mo wà, láàárín àwọn ọdún 1980, mo ń kàwé gba oyè kejì nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n wa gbé ìwé náà lé wa lọ́wọ́. Ọkùnrin ará Áyálándì kan ló kọ ọ́, nígbà tí bàbá mi ṣì wà lọ́mọdé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọkùnrin yìí ló la ọ̀nà tuntun fún àwọn tó ń kọ ìtàn: kò dúró síta kó máa ròyìn èèyàn, inú ọkàn èèyàn ló wọ̀ lọ. Bí onítọ̀hún bá ń rìn lọ ra ẹran, gbogbo ohun tó bá ń kọjá lọ́kàn rẹ̀, ì báà ṣe ààbọ̀, ì báà ṣe odidi, ọkùnrin yìí á kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń bọ̀.

Inú mi dùn débi pé n kò lè jókòó. Mo ní irú ìwé tí mo ti ń wá kiri látìgbà tí mo ti mọ ìwé é kà nìyí. Mo délé, mo ṣí i. Ojú ewé àkọ́kọ́ kò yé mi. Ojú ewé kejì kò yé mi. Mo fò lọ sí ìparí, níbi tí obìnrin kan ti dùbúlẹ̀ tó ń ronú, mo rí i pé ọkùnrin náà kò fi ibi ìdúró kankan sí i, kò sí àmì, kò sí ìsinmi, ọ̀rọ̀ ṣáá ń wọ́ tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Mo pa ìwé dé, mo lọ mu omi.

Ọ̀dọ̀ bọ̀ọ̀dá mi ni mo ń gbé, ní àpátímẹ́ǹtì wọn ní Alief. Ẹnjiníà ni wọ́n. Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ti ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ wọn lápá Spring, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń padà, ojú wọn á ti pọ́n nítorí ọ̀nà. Ìyàwó wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìyá ìyàwó sì ti wá láti Iléṣà wá wẹ ọmọ. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ìyá ìjọ ni Màmá nínú ìjọ aláṣọ funfun nílé, wọ́n sì gbé ipò wọn wọ ọkọ̀ òfuurufú: agogo ọwọ́ àti àbẹ́là wọn wà lórí fìríìjì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Bọ̀ọ̀dá mi kò fẹ́ràn ohun tí mo ń kà rárá. “Ìtàn?” ni wọ́n máa ń wí. “You crossed the whole Atlantic, o wá ń ka ìtàn? Irú èyí tí ìyá àgbà ń pa fún wa lọ́fẹ̀ẹ́? Nọ́ọ̀sì ni gbogbo hospital tó wà nílùú yìí ń wá kiri. Ta ló ń wá oníìtàn?” Èmi á kàn rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ bí mo bá rí ẹ̀jẹ̀, àní ti ẹja lásán, ojú mi á máa ṣú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ń di òótọ́ lẹ́nu wọn, nítorí pé mo ń kùnà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé nílé ni mo ṣe ń ka ará Áyálándì mi: ìwé atúmọ̀ èdè lápá ọ̀tún, pẹ́ńsù lápá òsì, mo ń ṣa ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Mo kọ àròkọ gígùn lé e lórí, mo sọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tó le. Mo tilẹ̀ fi máàkì dá ara mi lọ́lá kí n tó fi í sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Ìyá arúgbó ni, ọmọ Texas pọ́ńbélé, bàtà àwọn adamàlúù, èyí tó ga dé ojúgun, ló máa ń wọ̀ wá sí kíláàsì. Ó ní, “O ti sọ ohun tí gbogbo ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí fún mi. Obìnrin tó ń ronú yẹn ńkọ́, ṣé o gbọ́ ọ?” Mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní kí n lọ fi ẹnu kà á sókè, kí n má dúró, kí n má ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, kí n sì padà wá sọ ohun tí mo bá rí níwájú kíláàsì. Ibẹ̀ ló máa fi mọ̀ bóyá mo yege tàbí mo kùnà.

Mo rò ó fún bọ̀ọ̀dá mi. Wọ́n gbé ṣíbí kalẹ̀. “No problem,” ni wọ́n wí. “Bó o bá pass, máa ka ìtàn ẹ lọ. Bó o bá fail, January, nursing school. Ẹjọ́ ti parí.” Mo kúnlẹ̀, mo ní mo gbọ́. Ta ni mo fẹ́ bá jiyàn? Nínú ilé wọn ni mo ń sùn. Mo sì mọ̀ pé bọ̀ọ̀dá mi kì í yí ọ̀rọ̀ wọn padà.

Ní ọ̀sán Sátidé, bọ̀ọ̀dá mi wakọ̀ lọ ra nápíkìn ọmọ ní Sharpstown. Ìyàwó wọn àti ọmọ ń sùn nínú yàrá. Màmá wà ní kíṣíìnì, wọ́n ń ro ọbẹ̀. Mo dìde dúró láàárín pálọ̀, mo ṣí ibi tí obìnrin yẹn ti ń ronú, mo sì gbé ohùn sókè.

Ahọ́n mi kọ́kọ́ ń kọsẹ̀. Nígbà tó yá, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ náà gbé mi! Ibi tí mo ti rò pé kò sí ibi ìdúró, mímí obìnrin náà ni ibi ìdúró. Inú ń bí i, kó tó délẹ̀ ó ti ń rẹ́rìn-ín, kó tó rẹ́rìn-ín tán ó ti rántí nǹkan mìíràn tí kò ṣeé sọ fún èèyàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ìdí tẹlifíṣọ̀n dé ẹnu ọ̀nà báńkónì, mo ń padà, mo ń lọ, òógùn bò mí. Níbi tó bá ti ń ṣàròyé, èmi náà á jùwọ́. Níbi tí ìtìjú bá ti mú un, ohùn mi á lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. N kò rántí pé Alief ni mo wà mọ́.

Ìgbà tí mo yíjú ni mo rí Màmá. Wọ́n ti bọ́ bàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì. Wọ́n ti so gèlè funfun, wọ́n ti tan àbẹ́là sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, agogo lọ́wọ́. Bí mo bá ti mí báyìí, agogo á dún, Màmá á ní, “Halleluyah! Máa wí, Ẹ̀mí Mímọ́! Ìránṣẹ́ rẹ ń gbọ́!”

Ó yẹ kí n dúró. Mo mọ̀ pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà ni kò tíì parí! Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ọkùnrin Áyálándì yẹn ni kẹ́ ẹ bínú sí. Ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi jáde pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ó rí ìyá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, òun náà kúnlẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ dún nílẹ̀kùn, bọ̀ọ̀dá mi wọlé pẹ̀lú nápíkìn lábíyá. Wọ́n wò mí, wọ́n wo àbẹ́là, wọ́n wo ìyá ìyàwó wọn, ni ẹnjiníà bá bọ́ bàtà jẹ́jẹ́. Nínú ìjọ Màmá, bí ẹ̀mí bá gbé èèyàn, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè ohun tó ń wí títí ohùn náà yóò fi dákẹ́. Nítorí náà gbogbo ilé tẹ́tí, mo sì kà á títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

“Ògo!” ni Màmá wí. “Ọmọ mi, kí ni Ẹ̀mí wí? Ṣé gbogbo Houston ló kàn ni, àbí ìdílé?”

“Màmá, ẹ má bínú,” ni mo wí, mo gbé e sókè kí wọ́n rí i. “Ìwé ni mo ń kà, mà. Ìwé iléèwé.”

Ọmọ sín. Bọ̀ọ̀dá mi gbójú sí ògiri, èjìká wọn ń gbọ̀n, mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

“Ìwé wo ló rí bẹ́ẹ̀?” Màmá fẹ́ àbẹ́là pa. “Mo ti kúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń ro mí! Ó dáa, jókòó síbí. Ohun tá a bá ti kúnlẹ̀ gbọ́, a ó gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀.”

Ni mo bá jókòó, mo ń sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá. Mo ní obìnrin kan ló dùbúlẹ̀ ti ọkọ rẹ̀, oorun kò kùn ún, ó ń rántí ìgbà èwe rẹ̀, ó ń rántí bí ọkọ yìí ṣe fẹ́ ẹ, ó sì ń rántí àwọn ọkùnrin mìíràn.

“Àwọn ọkùnrin mìíràn kẹ̀! Ó sọ fún ẹnikẹ́ni?”

“Rárá, mà. Inú ara rẹ̀ ló ń bá sọ ọ́.”

“Obìnrin ló kọ ọ́?”

“Ọkùnrin ni, mà.”

Màmá wò mí tìfura-tìfura. “Ta ló wá sọ fún un?”

Ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ọmọ nù. Ó ní, “Ọkọ mi, mo mọ̀ pé nǹkan ń ti obìnrin yẹn lójú. Ibi tó o ti rẹ ohùn sílẹ̀ yẹn, n ò gbọ́ oyìnbó tó ò ń sọ dáadáa torí ọmọ ń ké, ṣùgbọ́n mo mọ̀.” Màmá ní ọ̀rọ̀ rírùn ni gbogbo rẹ̀, pé àwọn máa gbàdúrà kí ẹ̀mí obìnrin bẹ́ẹ̀ má wọ ilé ọmọ àwọn, wọ́n sì padà sídìí ọbẹ̀, tó ti ń jóná. Inú mi ń dùn, mo ń fò sókè bí ọmọdé! Àwọn èèyàn yìí gbọ́ obìnrin náà kí wọ́n tó mọ ohun tó sọ. Èmi tí mo ní ìwé atúmọ̀ èdè ló ti ń wá ìtumọ̀ ohùn tí n kò tíì gbọ́.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, mo ní kí gbogbo wọn bọ́ bàtà, kí wọ́n gbé bírò sílẹ̀. Mo ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ìjọ Màmá bí ẹ̀mí bá dé. Àwọn kan ń wo ara wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ tẹ̀ bá bàtà adamàlúù rẹ̀, ó fà á títí, akẹ́kọ̀ọ́ kan ló bá a fà á yọ. Mo kà á fún wọn, mo ń rìn, mo ń jùwọ́, kò sẹ́ni tó wúkọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Mo ní ó kúrò nílùú rẹ̀ ní ọ̀dọ́, ìlú onílùú ló gbé títí ó fi kú, síbẹ̀ kò sí ìwé rẹ̀ kan tó jáde kúrò ní ìgboro ilé. Ṣọ́ọ̀bù wo ló kángun sí èwo, afárá wo ni wọ́n ń gbà dé ibo, ta ló ń gbé lókè ta ni, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo ní ẹni tó wà nílé kò nílò irú ìrántí yẹn, torí bó bá jí láàárọ̀ á rí i. Ẹni tó ti lọ ni í máa ka ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ̀rù ń bà á kó má dín. N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Nígbà tí mo gbójú sókè, bọ̀ọ̀dá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti tètè dé láti wá gbé mi. Bàtà wọn wà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wọ bàtà rẹ̀ padà nígbà tó sọ fún mi. “Lónìí o gbọ́ ọ,” ló wí, “èmi náà sì gbọ́ ọ. O yege.” Mo dì mọ́ ọn lọ́rùn, n kò bìkítà.

Bọ̀ọ̀dá mi gbé mi wọ Southwest Freeway. Mọ́tò pọ̀ lójú ọ̀nà. Mo ń retí kí wọ́n sọ pé ó dáa, tàbí kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì láti ibòmíràn.

“Bàbá tó kọ ìwé yẹn,” ni wọ́n wí, “kò padà sílé mọ́?”

“Kò padà lọ gbé ibẹ̀ mọ́, Bọ̀ọ̀dá.”

“And he remembered all the shops?”

“Gbogbo rẹ̀, sà.”

Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúgbò wa ní Iléṣà. “Ilé wa. Ilé télọ̀ ló tẹ̀ lé e. Ìyá oníbúrẹ́dì. Ilé wolé-wolé, tó ní ajá burúkú yẹn.” Bí wọ́n ṣe ń ka ilé lọ, ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n dorí kọ, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n sin bàbá wa sí, nígbà tí àwa méjèèjì wà ní Houston tí a kò lè lọ, láti ìgbà náà bọ̀ọ̀dá mi kò dárúkọ ibẹ̀ rí. Ẹnu ọ̀nà tó yẹ ká ti yà sí Alief kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọn kò rí i.

“Ilé wolé-wolé,” ni wọ́n tún wí. “Lẹ́yìn yẹn, kó o tó kan ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé kan wà níbẹ̀. Ilé ta ni?”

Mo ronú títí. “N ò rántí, Bọ̀ọ̀dá.”

Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdarí ọkọ̀. Omi ti lé ròrò sójú wọn, wọn kò nù ún.

“Èmi ti ń gbàgbé,” ni wọ́n wí. “Ìwọ, lọ máa ka ìwé ẹ.”