Ọ̀kan Nínú Ẹgbàárùn-ún

Wọ́n ní wọ́n ti ké orúkọ Gbádé mọ́ ti obìnrin mìíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ẹ́rìn-Ilé, bí a ti í ké e fún gbogbo ìjọ kí ìgbéyàwó tó wáyé. Àwa ẹgbẹ́ akọrin gbà á gbọ́ ní ìdajì. Ìdajì tó kù, a fi í sílẹ̀ fún Olúwa, nítorí Susannah ni gbogbo Ọ̀fà mọ̀ mọ́ Gbádé.

Tíṣà ni Susannah. Gbádé ń tún ẹ̀rọ ṣe ní réluwéè. Lọ́dún 1963, wọ́n ní wọn yóò rán an lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Jàpáànù, bí ó bá lè yege ìdánwò díẹ̀ nínú èdè wọn. Ó gbé ìwé èdè náà délé, kò mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Ta ni yóò bá a kà á bí kò ṣe àfẹ́sọ́nà rẹ̀? Bí Susannah bá ti ilé-ìwé dé, á kà á títí yóò fi yé e, á wá fi yé Gbádé. Wọ́n kúkú jọ ń lọ ni, àbí?

Ẹ̀kọ́ tó le jù ni ti ohun tí kò jọ pé ó lè ṣẹlẹ̀. Bí ará Jàpáànù bá ń sọ̀rọ̀ òjò inú ọyẹ́, kò ní kàn ní "bí òjò bá rọ̀". Á kọ́kọ́ sọ pé "man ga ichi", ìyẹn ni ọ̀kan nínú ẹgbàárùn-ún.

"Ẹ sọ tiyín, Bọ̀ọ̀dá Gbádé," ni Susannah wí.

"Ọ̀kan nínú ẹgbàárùn-ún, bí mo bá já Susannah sílẹ̀, kí réluwéè tẹ̀ mí pa!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Gbádé rò pé nítorí ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì, ohun tí wọ́n bá ké l'Ẹ́rìn-Ilé kò ní dé Ọ̀fà. Ó gbàgbé pé ọmọ Ọ̀fà ló ń tẹ dùùrù fún wọn níbẹ̀. Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ tíì jẹun ọ̀sán tó fi yà sílé Susannah.

Nídìí ìwé, nílé Gbádé, ni Susannah ti bá a.

"Gbádé." Kò sí bọ̀ọ̀dá níbẹ̀ mọ́. "Ta ni Evelyn?"

Gbádé wolẹ̀. "Àwọn ẹbí ló yàn án. Nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì á tètè ríṣẹ́ lọ́hùn-ún."

"Tíṣà ló sì kọ́ ẹ ní èdè tí o máa fi débẹ̀."

"Mi ò jiyàn. Ọlọ́run ló mọ bó ṣe—"

"Má kó Ọlọ́run sí i! Ṣé òun ló fún àlùfáà lórúkọ yín?"

"Má bínú. Ṣùgbọ́n Susannah, ìdánwò ti dé tán, ẹ̀kọ́ òjò inú ọyẹ́ yẹn ò tíì yé mi. Bí o bá lè kàn tún un—"

Susannah ti dìde. Gbádé ṣì di ìwé náà mú, ó ń ṣí ojú ìwé, ó ń ṣàlàyé ibi tó ti dà á rú, bí ẹ̀yìn Susannah ti ń jáde lẹ́nu ọ̀nà.