Orúkọ Ilé Mi Lára Ìwé Tilottama

Bithika Sarkar ló dá Jonaki, ilé ìtẹ̀wé wa, sílẹ̀, àmọ́ èmi ni mo ń to lẹ́tà rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, títí kan ibi tí kò yẹ mí.

Lọ́dún 1993, Bithika ta ẹ̀gbà ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ fún un, ó fi ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àlòkù kan. A gbé e sínú yàrá tí àwa méjèèjì jọ ń gbé bí olólùfẹ́, lókè ṣọ́ọ̀bù tíì, nítòsí Òpópónà Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Kolkata. Ìwé àwọn obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin àtàwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin la fẹ́ máa tẹ̀, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ń tàwé gbà á lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n abẹ́ tábìlì ni wọ́n ń kó o sí. Báyìí la ṣe tẹ ìwé mẹ́fà láàárín ọdún márùn-ún.

Òǹkọ̀wé wa kankan kì í fi orúkọ ara rẹ̀ síta. Èmi àti Bithika la máa ń jókòó ti abọ́ muri kan, ìrẹsì yíyan tí a máa ń jẹ, tí a ó máa wá orúkọ fún wọn. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ méjì ni èèyàn ń jẹ́: ti ìwé ìjọba, àti èyí tí àwọn ará ilé ń pè é. Sulekha ni mò ń jẹ́ níta. Nílé, Tuktuki ni. Nígbà tí màmá mi kú, ẹnu Bithika nìkan ni orúkọ yẹn kù sí.

Ìgbà náà ni Tilottama Guha dé, olùkọ́ nílé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan. Ó mọ ewì í kọ, mi ò lè parọ́, ohun tó sì ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Bithika tí kì í rẹ́rìn-ín kó tó mu tíì ẹlẹ́ẹ̀kejì wá ń rẹ́rìn-ín láti òwúrọ̀ kùtù.

"Didi, ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi ni?" Tilottama bi mí lọ́jọ́ kan.

"Kí ló máa bí mi nínú?"

"Ojú yín ni mo wò."

"Bí wọ́n ṣe bí mi pẹ̀lú ẹ̀ nìyẹn."

Didi ló máa ń pè mí, bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n lásán ni mo jẹ́ nínú ilé náà.

Nígbà tí ìwé ewì rẹ̀ parí, Bithika gbé e síwájú mi. Ó ti kọ orúkọ òǹkọ̀wé sí i fúnra rẹ̀: Tuktuki.

"Ta ló fún un ní eléyìí?"

"Èmi ni. Kò sí orúkọ tó dùn tó o nílé yìí."

"O ò tiẹ̀ bi mí."

"Áà, Tuktuki! Orúkọ lásánlàsàn. Àbí o fẹ́ máa jowú ọmọ kékeré ni?"

Mò ń jowú. Mo na ọwọ́ sí àpótí lẹ́tà irin, ọwọ́ mi kọ̀ láti to orúkọ mi fún un. Tilottama Guha ni mo tò. Mo ní nínú ọkàn mi pé kó lọ ru orúkọ tirẹ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ni orúkọ òǹkọ̀wé ń wà, Bithika kì í sì í yẹ ojú ewé yẹn wò, torí ó ní èmi ò lè ṣì í tò.

Àárọ̀ kùtù ọjọ́ àjọ̀dún ìwé, nínú oṣù kìíní, a ń to ìwé sórí tábìlì wa nínú pápá, wọn ò ní í ṣí géètì títí di ọ̀sán. Tilottama ṣí ẹyọ kan. Ó jókòó sínú eruku.

"Didi, ẹ ṣì í tò ni, àbí? Ọ̀gá wa nílé ìwé ń bọ̀ lónìí. Bàbá mi náà ń bọ̀. Wọ́n á lé mi. Wọ́n á lé mi níbi méjèèjì."

Bithika ò wo ìwé náà. Èmi ló ń wò. Ọdún márùn-ún, mi ò ṣi lẹ́tà kan tò rí.

"Sulekha," ó ní, "lọ tún un ṣe."

Mo sáré padà sí yàrá wa. Mo to Tuktuki, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ó pé ọ̀ọ́dúnrún. Mo gbé gọ́ọ̀mù dání, mo sáré padà sí pápá. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn mí lọ́wọ́. Bí mo ṣe lẹ ti ìkẹyìn ni wọ́n ṣí géètì.

Ọ̀gá ilé ìwé ra ẹyọ kan. Kò mọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá Tilottama.

Jonaki ṣì wà, èmi náà ṣì ń to lẹ́tà. Yàrá kan náà la ṣì ń gbé. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, Sulekha ni Bithika ń pè mí. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ Tuktuki lẹ́nu rẹ̀, ìwé yẹn ló ń wí.