Wọn Kò Jẹ́ Kí N Wẹ Ìyá Mi

Ìbínú yìí kò tíì rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, nítorí Ọlọ́run kọ́ ló dínà mọ́ mi lẹ́nu yàrá ìyá mi lọ́jọ́ tó kú. Èèyàn ni.

Bí wọ́n ṣe bí mi, ara mi kò ṣe ti ọkùnrin tán, kò sì ṣe ti obìnrin tán. Ìyá mi sọ mí lórúkọ obìnrin, ó fi ìborùn bò mí lórí. Nígbà tí mo bàlágà, n kò rí nǹkan oṣù, irùngbọ̀n ni mo rí. Ní ọjà Arzèkè tí a ti ń ta aṣọ, oníbàárà á kí mi ní "màdáámù". Tí mo bá ti lanu dáhùn, ohùn mi á jáde gbì, ni onítọ̀hún á bá yára yí i sí "músíè", bí èdè Faransé ṣe ń pe ọkùnrin. Èmi àti ìyá mi á wo ara wa, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì tà á láṣọ.

Àwọn ẹbí bàbá mi ní àdúgbò Zongo kò bá wa rẹ́rìn-ín rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, wọ́n fẹ́ kí dókítà gé ohun tó wà lára mi kúrò, kí àwọn lè mọ ibi tí àwọn máa tò mí sí. Ìyá mi fárí gá. Àwọn àgbà obìnrin ilé ọkọ ló máa ń wẹ ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n kò gbé mi fún ọ̀kankan nínú wọn. Wọ́n ní ó gbéra ga. Ó ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì." Títí bàbá mi fi kú, wọn kò dárí ọ̀rọ̀ yẹn ji ìyá mi.

Àárọ̀ ọjọ́ òjò kan ni ìyá mi kú, a kò sì ní í fi òkú sùn. Ìlọrin ló ti wá fẹ́ bàbá mi. Àwọn arákùnrin rẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún, wọn kò lè dé bá ìsìnkú. Èmi nìkan ló bí. Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, obìnrin ló ń wẹ òkú obìnrin, ọmọbìnrin rẹ̀ a sì máa wà níbẹ̀. Lórí àìsàn ni ìyá mi ti sọ fún mi pé, "Ìwọ ni kí o wẹ̀ mí o. N kò fẹ́ ọwọ́ àwọn yẹn lára mi." Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo gbé omi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló na apá dí ẹnu ọ̀nà. "Níbo lò ń lọ?"

"Màmá, mo fẹ́ wẹ ìyá mi ni."

Ó wo irùngbọ̀n mi, ó wò mí dé ẹsẹ̀. "Obìnrin ló ń wọ ibí. Ìwọ kì í ṣe obìnrin. Má ba ìwẹ̀ òkú jẹ́ fún wa."

"Màmá, ta ló ti ń wẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tí kò ti lè dìde? Ṣé ẹ̀yin ni?"

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà nínú yàrá. Ó ṣe mí bíi kí n fi orí fọ́ ilẹ̀kùn yẹn.

Nígbà tí wọ́n kírun sí i lára tán, àwọn ọkùnrin gbé e, mo sì tẹ̀lé wọn. Àbúrò bàbá mi ọkùnrin bojú wẹ̀yìn. "Padà sílé! Obìnrin kì í bá wa dé itẹ́ òkú."

Ẹ gbọ́ ná! Láàárọ̀, n kì í ṣe obìnrin. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti sọ mí di obìnrin. Mo pariwo lójú títì pé, "Ẹ lọ fẹnu kò ná! Ẹ yan ọ̀kan kí n mọ̀! Àbí èyí tó bá ti lè lé mi sẹ́yìn ni mo ń jẹ́?" Àwọn onízémíjàn tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò dúró, wọ́n ń wò wá. Kí wọ́n máa wò. Ojú kò tì mí, àwọn ẹbí bàbá mi ló yẹ kí ojú tì. Mo tẹ̀lé wọn débẹ̀.

Omi òjò ti kún ìsàlẹ̀ sàárè, ó ti di ẹrẹ̀ pupa. Àáfà ní ẹni tó bá òkú tan ní ẹ̀jẹ̀ ni kó sọ̀ kalẹ̀ lọ gbà á, nítorí obìnrin ni. Àbúrò bàbá mi ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ni, àwọn kò bá ara wọn tan. Àwọn yòókù ní ará àdúgbò làwọn. Wọ́n ń wo ẹrẹ̀, wọ́n ń wo aṣọ funfun ọrùn wọn.

Ọkùnrin kan tó ti àdúgbò Albarika wá kírun béèrè pé, "Ṣé kò bímọ ni?"

Mo bọ́ bàtà, mo ti àbúrò bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì bẹ́ sínú sàárè. Ẹrẹ̀ mù mí dé orúnkún. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sókè.

"Ẹ gbé e fún mi."

Kíá ni wọ́n gbé e fún mi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rántí béèrè bóyá ọkùnrin ni mí tàbí obìnrin.